Bí Sẹ́ẹ̀lì Atani Anémónì Òkun Ṣe Ń Yìn

Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá ní agbègbè Petit Marché, Niamey

Iṣẹ́: Sáyẹ́ǹsì, ẹ̀ka ohun ẹlẹ́mìí
Ọjọ́ orí akẹ́kọ̀ọ́: Ọdún 13 sí 15
Àkókò: Wákàtí kan àtààbọ̀, àárọ̀ Sátidé

Ìdí tí a fi yan ẹ̀kọ́ yìí

Orílẹ̀-èdè Niger kò létí òkun. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Niamey, tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Petit Marché, lè tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìfojú kan òkun rí. Síbẹ̀, ẹbí anémónì òkun wà nínú Odò Ọya tó ń ṣàn gba àárín ìlú yìí kọjá. Ní ọdún 1893, Jules de Guerne, ará Faransé, kọ̀wé nípa ẹranko kékeré kan tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, tó ń léfòó, tí Dókítà Tautain rí nínú odò náà ní Bamako. Ní 1906, E. T. Browne, ará Gẹ̀ẹ́sì, tún kọ̀wé lórí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ nínú Odò Ọya kan náà. Limnocnida ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Omi tó ti Bamako ṣàn ló ń gba abẹ́ afárá Kennedy kọjá lójú wa, kó tó wọ Nàìjíríà lọ sí Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún àwọn ọmọ wa.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé kúrò ní kíláàsì lónìí. Agbára tí ẹranko yìí fi ń tani kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá nígbà tí nǹkan bá fara kàn án. Ọjọ́ tí sẹ́ẹ̀lì náà ti mọ àpò oró rẹ̀ ló ti kó agbára náà pamọ́ síbẹ̀. Àṣẹ nìkan ló kù. Ẹni tó bá di èyí mú yóò lóye gbogbo ìyókù: bó ṣe ń yára tó bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi ń ṣọ́ra kó tó yìn, àti ìdí tí èyí tó ti kú lórí yanrìn fi lè ta èèyàn síbẹ̀.

Àfojúsùn

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè:
1. sọ irú ẹranko tí anémónì òkun jẹ́ àti àwọn ẹbí rẹ̀;
2. ya sẹ́ẹ̀lì atani, kó sì tọ́ka sí àpò, ọ̀pá, fọ́nrán àti ìdérí rẹ̀;
3. ṣàlàyé bí omi ṣe ń di agbára nínú àpò náà;
4. to ìṣísẹ̀ yíyìn lẹ́sẹẹsẹ;
5. sọ ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe bí ẹranko òkun bá ta á.

Ohun èlò

Àlùbọ́sà pupa méjì àti iyọ̀ láti Petit Marché, abọ́ méjì, omi mímu, ọ̀bẹ, ẹ̀wù alápá gígùn kan, ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mẹ́ta.

Àkíyèsí fún olùkọ́: Ẹ gé àlùbọ́sà sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ní wákàtí kan ṣáájú ẹ̀kọ́. Ẹ ri ìdajì sínú omi lásán, kí ẹ ri ìdajì sínú omi tí ẹ da iyọ̀ púpọ̀ sí. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ dé, ẹ̀kọ́ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí àyípadà náà tó hàn dáadáa.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Àwọn ọmọ mọ àkeekèé, wọ́n mọ agbọ́n, wọ́n sì mọ oyin. Wọ́n tún ti rí àwọn ìyá tó ń ta ewé sàláàdì lọ́jà: bí oòrùn bá ti ń mú, wọ́n á máa wọ́n omi sí i kó má bàa rọ. Ẹ bi wọ́n pé: "Kí ló dé tí omi fi ń mú ewé tó ti rọ le padà?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ èrò wọn. Ẹ má tíì dá wọn lóhùn; ìgbésẹ̀ kẹta ni ìdáhùn wà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ta ni anémónì òkun?

Ẹranko ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta tí kì í sáré kiri. Ẹnu rẹ̀ wà lókè, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ sì yí ẹnu náà ká. Ojú ihò kan náà tó fi ń jẹun ló fi ń tu ìdọ̀tí. Kò ní ọpọlọ, kò ní egungun, kò ní eyín. Ó ń pa ẹja kéékèèké àti edé jẹ síbẹ̀.

Àwọn ẹbí rẹ̀ ni ẹranko tó ń mọ iyùn inú òkun, àwọn ẹranko olómi gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ tí òkun máa ń tì sórí yanrìn ní Èkó, Cotonou àti Lomé, àti háídírà, tí kò tó ìka ọwọ́ ọmọdé ní gígùn, tó ń gbé nínú omi tí kò níyọ̀. Irú wọn tó lé ní 10,000 ni àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì atani. Kò sí ẹ̀yà ẹranko mìíràn láyé tó ń dá irú sẹ́ẹ̀lì yìí mọ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà

Ẹ ya á gàdàgbà sójú pátákó. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun ya sẹ́ẹ̀lì. Nínú rẹ̀, ẹ fi àwọ̀ kejì ya àpò kan tó gùn díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni nẹ́mátósíìsì. Ní orí àpò náà, ẹ ya ìdérí. Nínú àpò, ẹ fi àwọ̀ kẹta ya ọ̀pá kan tí wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá ya fọ́nrán gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀pá náà, tó ká jọ yíká yíká nínú àpò.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ nǹkan mẹ́ta nípa àwòrán yìí.

Èkínní, ó kéré gan-an. Ọ̀pọ̀ àpò yìí kò gùn tó ìdá kan nínú ogún mílímítà. Ojú lásán kò lè rí i.

Èkejì, fọ́nrán inú rẹ̀ ṣófo láàárín, ó sì gùn ju àpò lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Bó ṣe wà nínú àpò yẹn, inú rẹ̀ ló wà níta, ìta rẹ̀ ló wà nínú.

Ẹ̀kẹta, ìgbà kan ṣoṣo ni àpò kọ̀ọ̀kan ń yìn. Bó bá ti yìn, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Sẹ́ẹ̀lì tuntun ni ẹranko náà gbọ́dọ̀ mọ láti fi dípò rẹ̀, ìyẹn sì ń ná an ní oúnjẹ àti àkókò. Ẹ tẹnu mọ́ èyí, nítorí òun la máa fi ṣàlàyé ìgbésẹ̀ kẹrin.

Ìgbésẹ̀ 3: Níbo ni agbára náà ti wá?

Ẹ gbé abọ́ àlùbọ́sà méjèèjì síwájú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan láti inú abọ́ kọ̀ọ̀kan, kó tẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó wà nínú omi lásán le, ó sì ń dún bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ. Èyí tó wà nínú omi iyọ̀ ti rọ, ó ń tẹ̀ bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀.

Àlàyé: Ẹ̀gbẹ́ tí nǹkan yíyòrò bá pọ̀ sí ni omi ń lọ. Inú sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà ní ṣúgà àti iyọ̀ tirẹ̀. Bí omi lásán bá yí i ká, omi á wọlé, á ti ògiri sẹ́ẹ̀lì síta, àlùbọ́sà á sì le. Bí iyọ̀ ìta bá pọ̀ ju ti inú lọ, omi á jáde, ara rẹ̀ á sì rọ. Ọ́símósíìsì ni orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. Òun náà ni àwọn ìyá onísàláàdì ń lò lójoojúmọ́ lọ́jà.

Ẹ wá padà sójú pátákó. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì atani ń mọ àpò rẹ̀, ó ń rọ ohun kan tó ń jẹ́ poly-gamma-glutamate kún inú rẹ̀. Ohun yìí ń fa àwọn èròjà iyọ̀ mọ́ra gidigidi, àwọn èròjà wọ̀nyí sì ń pe omi. Omi á máa fẹ́ wọlé ṣáá, àpò kò sì níbi tó máa fẹ̀ sí. Nínú háídírà, àwọn onímọ̀ ti ṣírò pé agbára tí omi inú àpò fi ń ti ògiri tó nǹkan bíi 150 bar, ìyẹn ìlọ́po 150 agbára tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ bá irú agbára bẹ́ẹ̀ pàdé nínú òkun gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tó nǹkan bíi 1,500 mítà.

Ọmọ kan á béèrè pé: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí ló dé tí àpò náà ò bẹ́?" Ìbéèrè tó dára ni. Ògiri rẹ̀ jẹ́ purotéènì kan tó bá kọ́lájẹ̀ẹ̀nì tan, kọ́lájẹ̀ẹ̀nì tó ń mú iṣan àti awọ tiwa náà yi. Imí ọjọ́ (sulfur) ló so àwọn okùn kéékèèké rẹ̀ mọ́ra wọn níbi púpọ̀. Ògiri yìí ń nà díẹ̀, ó sì ń fẹ́ sún kì padà. Oríṣi agbára méjì ló wà níbẹ̀ nìyẹn: ti omi tó há mọ́, àti ti ògiri tó nà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ta ló ń pàṣẹ pé kó yìn?

Níwọ̀n bí àpò kọ̀ọ̀kan ti ń yìn lẹ́ẹ̀kan péré, anémónì tó bá ń yìn sí gbogbo koríko òkun àti yanrìn tó bá fara kàn án á fi ara rẹ̀ ṣòfò. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń yìn sí. Báwo ni ẹranko tí kò lọ́pọlọ ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Ẹ̀rí méjì ló ń wá. Èkínní ni ìfarakanra. Èkejì ni kẹ́míkà tó ń jáde láti ara ẹja tàbí edé. Ní 1989, Glen Watson àti David Hessinger fi hàn pé bí anémónì bá ti gbọ́ òórùn irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ nínú omi, àwọn irun kéékèèké tó ń gbọ́ ìmìtìtì nínú omi á yí etí wọn padà sí irú ìmìtìtì tí ẹran tó ń lúwẹ̀ẹ́ ń fà.

Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Harvard, nínú ilé ìwádìí Nicholas Bellono, tẹ̀ síwájú. Anémónì kékeré kan tó ń jẹ́ Nematostella vectensis ni wọ́n yẹ̀ wò. Lára sẹ́ẹ̀lì atani rẹ̀ ni ẹnu-ọ̀nà kan wà tí kálísíọ̀mù ń gbà wọlé. Nígbà tí ara ẹranko náà bá balẹ̀, ẹnu-ọ̀nà yìí wà ní títì pa, tó bẹ́ẹ̀ tí ìfarakanra nìkan kò lè ṣí i. Bí kẹ́míkà ẹran bá dé, sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára tó wà nítòsí á ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì atani. Iṣẹ́ yẹn á yí iná mànàmáná ara sẹ́ẹ̀lì padà, á sì tú ẹnu-ọ̀nà náà sílẹ̀. Bí nǹkan bá wá fara kàn án nígbà náà, kálísíọ̀mù á rọ́ wọlé, àpò á sì yìn. Òórùn láìsí ìfarakanra, kò yìn. Ìfarakanra láìsí òórùn, ó ṣọ̀wọ́n kó yìn.

Anémónì mìíràn, Exaiptasia, ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ewé omi kéékèèké ń gbé nínú ara rẹ̀, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún un, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹran. Ìwádìí láti ilé ìwádìí Bellono kan náà ní 2023 fi hàn pé ìfarakanra nìkan ti tó fún un láti yìn, nítorí ààbò ló ń fi oró rẹ̀ ṣe ju ọdẹ lọ. Ẹ bi àwọn ọmọ: "Èwo nínú àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ oró rẹ̀ ná jù?" Kí wọ́n sọ ìdí.

Ìgbésẹ̀ 5: Yíyìn gan-an

Ẹ kọ ìṣísẹ̀ mẹ́rin yìí sójú pátákó:

1. Àṣẹ dé, kálísíọ̀mù wọlé, ìdérí ṣí.
2. Ọ̀pá tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ yọ fìrí, ó gún awọ ẹran náà.
3. Ọ̀pá yí inú sóde, àwọn ẹ̀gún ara rẹ̀ là, ó sì di ọ̀nà tó ṣí.
4. Fọ́nrán gba inú ọ̀pá náà kọjá, òun náà ń yí inú sóde bó ti ń lọ, ó sì gbé oró wọ inú ẹran.

Ìṣísẹ̀ kẹta àti ìkẹrin ni ó máa ń ṣòro fún àwọn ọmọ láti fojú inú rí. Ẹ mú ẹ̀wù alápá gígùn náà. Ẹ fa apá rẹ̀ wọ inú ẹ̀wù pátápátá. Kí ọmọ kan ki ọwọ́ sí i láti inú, kó wá máa tì í jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn tó kù kí wọ́n wo etí apá náà: iwájú nìkan ló ń lọ, aṣọ tó ti jáde kò yẹ̀ níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán ń ṣe. Kì í wọ́ ara rẹ̀ mọ́ ẹran tó ń gún. Orí rẹ̀ nìkan ló ń ta síwájú, ìyókù dúró sójú kan. Nítorí ìyẹn ni ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè wọlé jìnnà láìká kò. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Stowers Institute ní Kansas City, Amẹ́ríkà, lo awò alágbára láti fi hàn bí ọ̀pá àti fọ́nrán Nematostella ṣe ń ṣe èyí lẹ́sẹẹsẹ.

Báwo ló ṣe yára tó? Ní 1984, Thomas Holstein àti Pierre Tardent fi kámẹ́rà tó ń ya àwòrán 40,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan wo háídírà, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà ti jáde kí àwòrán kejì tó yà. Ní 2006, Holstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà wá pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń ya 1,430,000. Wọ́n rí i pé ọ̀pá náà ń jáde láàárín ìdá 700 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Bí eré rẹ̀ ṣe ń gorí tó ìlọ́po mílíọ̀nù márùn-ún ohun tí òòfà ilẹ̀ ń ṣe fún òkúta tó ń jábọ́. Kò sí iṣan ẹranko kan tó lè ṣe èyí. Iṣan gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kó sún kì, kó tó fà. Àpò yìí ti fà tán tipẹ́tipẹ́.

Ẹ̀rí mìíràn wà pé inú àpò ni agbára náà wà, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹranko. Irú ìgbín òkun kan wà tí kò ní ìkarahun, tó ń jẹ anémónì. Ó ń gbé àwọn àpò tí kò tíì yìn mì, ó ń kó wọn sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n ta ọ̀tá tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Oró náà àti ohun tó kọ́ ayé

Oró anémónì jẹ́ àdàlú purotéènì: àwọn kan ń da iṣan ìmọ̀lára rú, àwọn kan ń lu ara sẹ́ẹ̀lì jo. Ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn kan bẹ̀rẹ̀ láti ibí, ó sì kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ní 1901, Ọmọ-Aládé Albert Kìn-ín-ní ti Monaco mú Charles Richet àti Paul Portier dání nínú ọkọ̀ rẹ̀, Princesse Alice, lọ sí agbami òkun àwọn erékùṣù Cape Verde. Ó ní kí wọ́n wádìí oró Physalia, ẹbí anémónì tó ń léfòó lójú òkun. Nígbà tí wọ́n padà sí Paris, oró anémónì ni wọ́n ń lò fún ajá. Ajá kan tó ń jẹ́ Neptune gba oró díẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé, wọ́n tún fún un ní ìwọ̀n kékeré, ajá náà sì kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n ti rò pé ara rẹ̀ á ti mọ́ ọn lára. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Ní 1902 ni wọ́n ròyìn rẹ̀, wọ́n sì pe ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ní anaphylaxis. Richet gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1913.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ẹ̀pà, oyin tàbí abẹ́rẹ́ kan máa ń ṣe ní ìjàǹbá: ojú á wú, ọ̀fun á fún, èémí á ń dí. Bí ọmọ kan bá wà ní kíláàsì tí ẹ̀pà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó sọ fún olùkọ́, kí àwọn yòókù má fi ṣeré.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ẹranko òkun bá tani

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa máa ń bá òbí wọn rin ìrìn àjò lọ sí Cotonou tàbí Èkó. Ẹ kọ́ wọn ní èyí:

- Jáde kúrò nínú omi.
- Má fi ọwọ́ ra ojú ibẹ̀, má sì fi yanrìn ha á. Àwọn àpò tí kò tíì yìn ṣì wà lára awọ.
- Omi òkun ni kó o fi ṣàn án. Má lo omi mímu: iyọ̀ tó dín kù lójijì lè mú kí àwọn tó kù yìn.
- Fi igi tàbí ọ̀rá yọ ohun tó lẹ̀ mọ́ ara, má fi ìka lásán.
- Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná tí ara lè gbà, nǹkan bí ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ogún ìṣẹ́jú, máa ń dín ìrora kù. Àgbàlagbà ni kó fọwọ́ tọ́ ọ wò kọ́kọ́.
- Bí èémí bá ń dí, tí ojú bá wú, tàbí tí òòyì ń kọ́ni, ilé ìwòsàn kíá.
- Má fọwọ́ kan èyí tó kú lórí yanrìn. Ẹranko ti lọ, agbára inú àpò kò lọ.

Àkọsílẹ̀ ojú pátákó

Sẹ́ẹ̀lì atani ní àpò. Omi tó há mọ́ inú àpò àti ògiri tó nà ló ni agbára. Òórùn ẹran àti ìfarakanra ló ń pàṣẹ. Kálísíọ̀mù ló ń jẹ́ àṣẹ náà. Ọ̀pá gún, fọ́nrán yí inú sóde, oró wọlé. Àpò kan, ìgbà kan.

Ìgbéléwọ̀n

1. Kí ló mú kí àlùbọ́sà inú omi iyọ̀ rọ? Kí ni èyí fi jọ àpò nẹ́mátósíìsì, kí ló sì fi yàtọ̀ sí i?
2. Kí ló dé tí Nematostella kì í fi yìn sí òkúta tó fara kàn án?
3. Iṣan kò lè yára tó nẹ́mátósíìsì. Ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn méjì.
4. Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ fi omi inú ìgò fọ ojú ibi tí ẹranko òkun ta á. Kí lo máa sọ fún un?
5. Ẹja kan ń gbé láàárín ọwọ́ anémónì ní òkun Íńdíà láìfarapa. Ikun tó bo ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó. Fi ohun tí a kọ́ ní ìgbésẹ̀ kẹrin ṣàlàyé bí èyí ṣe lè ṣeé ṣe.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Lọ bá ẹnì kan tó ń ta ẹ̀fọ́ tàbí sàláàdì ní Petit Marché. Kí i dáadáa, kó o sì bi í bó ṣe ń tọ́jú ewé kó má bàa rọ. Kọ ohun tó sọ sílẹ̀, kó o wá fi ọ́símósíìsì ṣàlàyé rẹ̀.
2. Ya sẹ́ẹ̀lì atani lẹ́ẹ̀mejì: kó tó yìn, àti lẹ́yìn tó yìn tán. Kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí i.
3. Ẹnikẹ́ni má wọ odò lọ wá háídírà. Omi ibẹ̀ ní àrùn tó ń mú ni tọ ẹ̀jẹ̀. Olùkọ́ ni yóò bu omi àti koríko odò wá sínú ìgò ní Sátidé tó ń bọ̀, a ó sì jọ fi awò wá a lára koríko náà.